Ojú Tó Pọ́n, Ojú Tó Mọ́

Kò sí májèlé nínú ọbẹ̀ náà. Kọ́púrà Sunday gbé èsì àyẹ̀wò dé láti Adó, ó fi lé orí tábìlì, ó sì dúró bí ẹni tó fọ́ àwo ọlọ́jà. Ínsípẹ́kítọ̀ Ẹ̀yínadé ń bó ọsàn lọ́wọ́. Ìṣe rẹ̀ ni. Bí ẹjọ́ bá ti ta kókó, ọsàn ló máa ń bó, á sì máa ṣọ́ ọ kí èèpo rẹ̀ má baà já títí yóò fi dé ìdí. Ti òwúrọ̀ yìí já ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Kò sí rárá?"

"Wọ́n ní kò sí, ọ̀gá. Ẹ̀gúsí, ẹja, epo, iyọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní ọbẹ̀ náà dáa."

"Ta ló bi wọ́n bóyá ó dáa?"

Inú ń bí Ẹ̀yínadé, kì í sì í ṣe Sunday ló ń bínú sí. Obìnrin kan wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Janet lorúkọ rẹ̀, ará Èrìjìyàn ni, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Comfort Adéṣínà, ló kú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí màmá tó kú, ẹyin ojú wọn pọ́n bí ìyeyè tó rọ̀, ara ń yún wọn, oúnjẹ kò sì wọ̀ wọ́n lọ́fun. Àwọn ará àdúgbò ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Dókítà ọsibítù ní ẹ̀dọ̀ ló bàjẹ́, pé ohun kan ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun náà. Ruth, ọmọbìnrin olóògbé, kò jẹ́ kí dókítà parí ọ̀rọ̀ tó fi nàka sí ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ṣebí Janet ló ń se oúnjẹ màmá? Ṣebí òun àti màmá ti jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lójú gbogbo àdúgbò? Ṣebí oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó wà nínú ilé? Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá Àrámọ̀kọ ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé Janet lọ sí kóòtù l'Adó ní ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ yóò bá a dé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Agolo oògùn kòkó yẹn ńkọ́?"

"Ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe rà á lọ́jà náà ló ṣe wà."

Ẹ̀yínadé ju èèpo ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tó lọ wo òkú ní mọ́ṣúárì, ó rí ojú abẹ́rẹ́ ní inú ìgúnpá òsì, ó ju ẹyọ kan lọ, òmíràn ti ń jiná. Ọsibítù sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni àwọn ti gba ẹ̀jẹ̀. Ruth ní ìyá òun kò fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù kankan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn débẹ̀. Ta ló wá gún apá òsì?

Ó dìde, ó lọ bá Janet.

Ọmọ ń sùn lórí itan rẹ̀. Ojú Janet ti wú fún ẹkún.

"Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ."

"Bàbá, mo ti wí wí wí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"Kí lẹ jà lé lórí?"

"Eékún ni. Eékún ń ro màmá, wọ́n sì ń lọ sóko. Mo ní kí wọ́n jókòó sí ulé. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ àwọn di arọ ni. Ìjà ò jùyẹn lọ. Àwo kan náà la jọ ń jẹ uyán, bàbá. Bí mo bá fi nǹkan sí i, èmi náà ò bá ti kú."

"Ta ló gún wọn lábẹ́rẹ́?"

Janet gbé ojú sókè. "Abẹ́rẹ́? Kò sẹ́ni tó gún màmá, àfi ọjọ́ tí wọ́n lé wọn padà yẹn."

"Wọ́n lé wọn padà níbo?"

"Níbi ètò ìlera ọ̀fẹ́ tó wà ní Àrámọ̀kọ níbí, tí wọ́n ti ń fún àwọn àgbà ní oògùn làkúrègbé. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló wọlé, títí dórí Màmá Esther, ọ̀rẹ́ wọn. Ti màmá nìkan ni wọ́n gbẹ̀jẹ̀ tán tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ulé. Wọn ò sọ ìdí. Màmá sunkún wọlé lọ́jọ́ náà."

"Wọn ò padà lọ síbẹ̀ mọ́?"

"Ó ti o. Ọjà nìkan ni wọ́n ń bá wá sí Àrámọ̀kọ."

"Kí ni wọ́n máa ń rà bọ̀?"

Janet la ẹnu, ó sì tún pa á dé. "Kò dà bíi pé wọ́n ń ra nǹkan kan bọ̀, bàbá."

Ilé alájà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun ni ètò ìlera náà wà. Àwọn ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀, káàdì kéékèèké lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì kan yọ orí síta, ó pe nọ́ńbà, ìyá kan sì dìde, ó wọlé. Ó tún pe nọ́ńbà mìíràn. Ẹ̀yínadé dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì wo ojú wọn kó tó gba káàdì. Bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ló gbé káàdì dání, ó ṣeé ṣe kó wọlé.

Dókítà Ọládọ̀tun ló ń ṣe olórí wọn níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ilé iṣẹ́ olóògùn kan ní òkè òkun ló gbà á síṣẹ́.

"Comfort Adéṣínà? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ètò wa. N kò mọ̀ ọ́n rí."

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n rí?"

"N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, Ínsípẹ́kítọ̀."

"Kò burú. Irú oògùn wo lẹ ń fún àwọn ìyá wọ̀nyí?"

"Oògùn làkúrègbé tuntun ni. Ó dára gan-an."

"Ta ló ti lò ó rí?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ń lò ó lọ́wọ́."

Ẹ̀yínadé dúpẹ́, ó jáde. Ó bá nọ́ọ̀sì náà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ ọwọ́. Túnmiṣe lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá bi í nípa Comfort, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ lòun náà yóò sọ, nítorí náà Ẹ̀yínadé fi orúkọ sílẹ̀, ó béèrè ojú.

"Nọ́ọ̀sì, èwo nínú àwọn ìyá yín lojú rẹ̀ pọ́n?"

"Ẹnì kan péré ni, sà," ni Túnmiṣe dáhùn kó tó rántí pé ọlọ́pàá ni. "Màmá Esther, ará Èrìjìyàn. Àpá kan wà lókè ojú wọn báyìí. Mo sọ fún dókítà. Wọ́n ní kí n máa fún wọn lọ, pé ìgbà tí wọ́n máa tún gbà á kò pọ̀ mọ́."

"Màmá Esther wá lọ́sẹ̀ yìí?"

"Wọn ò wá." Ó wo ẹ̀yìn, ẹ̀rù ti bà á. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o." Ó sáré wọlé láì nu ọwọ́.

"Ọ̀gá," ni Sunday wí nínú ọkọ̀, "òkú kan là ń wádìí, ó fẹ́ di méjì. Ṣé oògùn yìí ti pa Màmá Esther náà ni?"

Ẹ̀yínadé rántí ojú kan tó rí ní mọ́ṣúárì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ohun tí kò tíì dá a lójú. Ó ní kí Sunday kọjú ọkọ̀ sí Èrìjìyàn.

Wọ́n bá Màmá Esther lójú ìlẹ̀kùn rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Kò kú. Kò tiẹ̀ sàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni wọ́n fi aṣọ dì, tó nà án sórí àpótí, ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, màmá."

"Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Hùn, ọ̀kadà ló dà mí nù lójú ọ̀nà Ìkógòsì. Kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó nígbà náà. N kò tíì kọjá ojúde ulé yìí látìgbà náà."

"Ẹ ò kọjá ojúde. Ẹ sì ń lọ gba oògùn ní Àrámọ̀kọ, ẹ ò pa ìgbà kan jẹ àfi ọ̀sẹ̀ yìí."

Ọwọ́ Màmá Esther dúró nínú igbá.

"Màmá," ni Ẹ̀yínadé wí pẹ̀lẹ́, "nọ́ọ̀sì ní ojú yín pọ́n. Mò ń wo ojú yín báyìí, ó mọ́ ju tèmi lọ. Nọ́ọ̀sì ní àpá wà lókè ojú yín. Mi ò rí àpá. Òkú Màmá Comfort ni mo ti rí àpá."

Ìyá àgbà náà fa etí ìró rẹ̀, ó fi bo ojú. Abẹ́ aṣọ náà ló ti sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, àáró la ṣe."

Ta ni kò mọ àáró ní ilẹ̀ àgbẹ̀? A ro oko tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́la. Bí ara ẹnì kan kò bá sì yá, ẹlòmíràn a dúró fún un, kí iṣẹ́ má baà dúró. Bí ó bá gbádùn tán, òun náà a san án padà. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ti ń bá ara wọn gbé bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ nìyẹn.

"Wọ́n ní ẹni tí kò bá wá, àwọn á yọ ọ́ kúrò. Comfort ní kí n gbé káàdì wá, pé ṣebí òun náà ló ro oko mi nígbà tí n kò lè dìde. Eékún ń ro òun náà, wọn ò sì gbà á. Ó ní òun á jẹ́ kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ lápá òun, òun á mu oògùn náà níbẹ̀, òun á sì kó ọṣẹ àti mílíìkì tí wọ́n ń fún wa bọ̀ fún mi. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó bọ̀. Kò mú ọṣẹ kan." Ó ti ń sunkún. "Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, mo ní kó má lọ mọ́. Ó ní ta ni í ṣe uṣẹ́ àáró dé àárín ebè tí í gbé ọkọ́ sílẹ̀."

"Janet wà látìmọ́lé, màmá. Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Ojú ló tì mí. Mo ní wọn á ní èmi ni mo rán an lọ sí ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ mi, ṣé èmi kọ́?"

Ẹ̀yínadé bi í ní ìbéèrè mìíràn. "Nígbà tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ka sí ìwé wọn, wọ́n sọ fún yín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán oògùn náà wò ni?"

Màmá Esther ṣí aṣọ kúrò lójú. "Dán an wò? Lára ta?"

Ẹ̀yínadé kò jókòó nígbà tó tún dé ọ́fíìsì Dókítà Ọládọ̀tun.

"Mo ti mọ bó ṣe rí. Comfort Adéṣínà ló ń lo káàdì Esther."

Ó rò pé dókítà yóò gbọ̀n. Ṣe ni ara ọkùnrin náà fúyẹ́ bí ẹni tí a sọ igi ìdáná kúrò lórí rẹ̀.

"Áà! Ó tàn wá jẹ nìyẹn. Ínsípẹ́kítọ̀, a ti yọ obìnrin yẹn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn yẹn."

"Ní ọ̀sán ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n rí."

Dókítà to àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ jọ.

"Nígbà tí ẹ rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára, ṣé ẹ sọ fún un?"

"Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti tọ́jú ẹni tí kò sí nínú ètò."

"Mi ò ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ sọ fún un?"

"Rárá."

"Àwọn tó wọlé ńkọ́? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ń dán nǹkan wò lára wọn?"

"Gbogbo wọn ló tẹ̀ka."

"Ìka kì í ṣe etí, dókítà." Ẹ̀yínadé gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Níbí yìí, ọ̀rẹ́ a máa dúró fún ọ̀rẹ́ lóko, a máa dúró fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa dúró fún un níbi òkú. Kò sẹ́ni tó ń ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun dúró níwájú ìbọn. Bí Esther bá mọ̀ pé ṣe lẹ ń wò ó bóyá oògùn yìí á ba òun jẹ́, kò ní gbé káàdì fún Comfort. Bí Comfort bá mọ̀, kò ní gbà á. Pé wọ́n ṣe é ní àáró bí ẹni ń ro oko, ìyẹn gan-an ló jẹ́rìí pé ẹ kò là á yé wọn."

"Ínsípẹ́kítọ̀..."

"Mi ò tíì parí. Nọ́ọ̀sì rí ojú tó pọ́n, ó wá sọ fún yín. Ẹ ní kó máa fún un lọ. Lọ́jọ́ náà, Comfort kọ́ lẹ rò pé ó jẹ́. Esther lẹ rò pé ó jẹ́, Esther tó wà nínú ètò yín, tí nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ẹ ò tọ́jú ẹni tí kò sí nínú ètò. Ẹ ò sì tọ́jú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ta wá lẹ ń tọ́jú?"

Dókítà Ọládọ̀tun mú fóònù rẹ̀. "Ẹ máa lọ. Ọ̀gá yín á bá yín sọ̀rọ̀."

Ìpè náà ti ṣáájú rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá ń dúró dè é, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Ẹ̀yínadé kórìíra jù.

"O ṣeun, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tú Janet sílẹ̀, kó máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ."

"Dókítà yẹn ńkọ́, sà?"

"Dókítà wo? Màmá lo káàdì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó gbé oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ mì. Ta lo fẹ́ kí n gbé lọ sí kóòtù, òkú? Ìwọ náà lo wádìí rẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì rí ojú rẹ̀, sà. Ó sọ fún dókítà."

"Mo ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò rí ojú kankan tó pọ́n."

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, sà."

"Èyí tí ọwọ́ ọba bá tó ni," ni ọ̀gá wí, ó sì pa fáìlì dé.

Ó dun Ẹ̀yínadé wọ egungun. Inú bí i sí ọ̀gá, ó bí i sí Túnmiṣe, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọsàn, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń jẹ ẹ́. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún Janet, Ruth ti dé, ó dúró lẹ́bàá ògiri, kò lè gbójú sókè. Janet kò bá a jà. Ṣe ló tẹ ọmọ sí i lápá, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bú sẹ́kún. Ẹ̀yínadé rí ìyẹn, ó sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan tó dára, ṣùgbọ́n kò tó o lẹ́nu.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé funfun ti ṣófo. Sunday ló gbọ́ ibi tí wọ́n kó lọ. Ẹ̀yínadé lọ sí Èrìjìyàn láti fúnra rẹ̀ sọ fún Màmá Esther, nítorí kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọjà.

"Ta ni wọ́n wá mú?"

"Wọn ò mú ẹnì kankan, màmá."

Ìyá àgbà náà kọjú sí ọ̀nà. "Comfort ro oko mi. Ó mu oògùn mi. Ó kú ukú mi. Báwo lèèyàn ṣe ń san àáró fún òkú?"

Gbogbo ọgbọ́n tí Ẹ̀yínadé ní kò dé ibẹ̀.

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?" ni Màmá Esther bi í.

"Odò-Ọwà."

"Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Sunday kọ̀ ọ́ fún un. Ó ní ọ̀gá yóò gbọ́, ó ní ariwo kò ní jí òkú. "Màmá, ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí ẹyẹ pa," ni Màmá Esther wí, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀.

Lábẹ́ tápólì kan ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bá wọn ní Odò-Ọwà. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n pọ̀ ju ti Àrámọ̀kọ lọ. Ẹ̀yínadé fẹ́ bá Màmá Esther lọ, ìyẹn ní kó dúró síbi ọkọ̀. Ó dá rìn, ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá kan, ó kọjá gbogbo bẹ́ǹṣì dé iwájú. Ọmọbìnrin mìíràn ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, nọ́ńbà yín á kàn yín. Kí lorúkọ yín?"

Màmá Esther kò kọjú sí i. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Comfort Adéṣínà," ó wí, ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀yínadé níbi tó dúró sí. "Ará Èrìjìyàn. Oògùn tí ẹ fẹ́ gbà yìí ló mu. Ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n ní kó máa mu ún lọ, ó sì kú. Èmi ni mo dúró fún un lónìí."

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun jáde láti inú ilé, ó ń rìn kíákíá bọ̀. Ìyá kan tó jókòó síwájú pátápátá ti gba ife omi, ó sì ti na àtẹ́lẹwọ́ sí nọ́ọ̀sì. Ó fa ọwọ́ náà padà.

"Ọmọ mi," ó bi nọ́ọ̀sì náà, "ta ló ti lò ó rí?"